Ọjọ́ Ìkúnlẹ̀ Ilé

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi gbẹ̀bí ní Ìdí-Àbà.
Mo mọ oyún tó pé, mo mọ èyí tó kọjá ọjọ́.
Èyí tó bá kọjá ọjọ́, a kì í fi àdúrà nìkan dá a dúró:
a ó tan iná, a ó wọ ìbọ̀wọ́, a ó ránṣẹ́ pe dókítà.

Ẹnjiníà Ṣótúnbọ̀, ilé mi ti kọjá ọjọ́.

Oṣù Ẹrẹ́nà lẹ kọ sínú ìwé,
ẹ fi bírò dúdú kọ ọ́, ẹ tún fàlà sí i nídìí,
ẹ ní, "Ní ìparí oṣù, kọ́kọ́rọ́ á ti wà lọ́wọ́ Màmá."
Ẹrẹ́nà lọ. Ẹ ní sìmẹ́ńtì gbówó lórí.
Òkúdù wọlé, ẹ ní òjò ò jẹ́ kí ara ògiri gbẹ.
Ọ̀pẹ dé, òjò ti padà sílé rẹ̀,
ẹ ní káfíńtà lọ sin ìyá rẹ̀.
Ìyá káfíńtà yìí, Ẹnjiníà,
ẹ ti bá mi sin ín lẹ́ẹ̀kan nínú oṣù Agẹmọ.

Gbogbo Sátidé ni mò ń wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ọbáńtokò lọ wò ó.
Ewúrẹ́ ló ń gbé yàrá mi.
Ibi tí mo ní kí bẹ́ẹ̀dì wà gan-an ló dùbúlẹ̀ sí,
ó ń jẹ àpọ́jẹ, ó ń wò mí
bí ẹni pé mo jẹ ẹ́ lówó ilé.
Fèrèsé mẹ́fà, ihò mẹ́fà.
Kọ́tìnnì wọn wà nínú àpótí mi, aláwọ̀ ẹyẹlé;
owó ìfẹ̀yìntì ni mo fi rán an.
Kòkòrò ti tọ́ etí rẹ̀ wò.

Onílé mi ní Sápọ́n kì í pariwo.
Ó kàn máa ń gbálẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà mi láàárọ̀,
á máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run sókè
pé ayálégbé tuntun ti san ti ọdún méjì.

Ẹ má bínú, ahọ́n mi ti ń ṣì í:
mo fẹ́ pè yín ní kọ́lékọ́lé, ó jáde ní kólékólé.
Àmì bíńtín abẹ́ lẹ́tà ló yà wọ́n sọ́tọ̀,
gbogbo ọjọ́ tí ẹ sì ń fi kún ọjọ́
ló ń pa àmì náà rẹ́.

Ẹ rò pé agbẹ̀bí ò mọ̀wé.
Mo gbé àdéhùn yín lọ bá Lọ́yà Ìgè ní Ìbarà.
Èmi ni mo gbà á, ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ,
bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń rìn wọnú ọ̀rọ̀ títí dòní.
Ó fi rúlà sábẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan títí ó fi dé ìpín keje,
níbi tí lẹ́tà ti kéré bí ẹyin iná orí:
bí olùkọ́lé bá fi oṣù mẹ́ta rékọjá ọjọ́,
olùrà lè gba owó rẹ̀ padà tòun tèlé,
tàbí kí ó dúró, kí olùkọ́lé máa san owó ilé tó ń gbé.
Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́ wẹ́wẹ́.
Ẹ gbàgbé pé ojú tó fi iná àtùpà wá okùn ìdodo
kò lè ṣàìrí i.

Ìlú yìí, ẹ rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀.
Àwọn baba ńlá wa sáré dé abẹ́ òkúta,
ogun ń bọ̀ lẹ́yìn.
Òkúta ò gba àsansílẹ̀.
Kò ní kí wọ́n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.
Òru ọjọ́ náà ni wọ́n sùn síbẹ̀.

N kò ṣépè. Ọwọ́ tó ń gbọmọ kì í ṣépè.
Lẹ́tà ti dé ọ́fíìsì yín ní Mọ́ńdè, akọ̀wé yín fọwọ́ sí i.
Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni mo fún yín, mo ti ka mẹ́rin.
Kọ́kọ́rọ́, tàbí owó mi tòun tèlé.
Ẹ bá mi sọ fún ewúrẹ́ náà pẹ̀lú:
ó ku ọjọ́ mẹ́wàá.